Kọ Ọ́ Bí Wọ́n Ṣe Sọ Ọ́

Kékeré ni mo wà, n ò tíì lè dá gbé garawa omi dé orí, nígbà tí wọ́n ti fi mí ṣe ìránṣẹ́ láàrin ọkùnrin méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé ní Mùṣin. Ọ̀kan ni bàbá mi. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀. Ìtàn gígùn ti ń rẹ̀ mí í sọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìròyìn kì í yéé bi mí níbi tí mo ti kọ́ ìwé kíkọ. Wọ́n rò pé màá dárúkọ ọ̀gá ńlá kan tàbí ìlú òyìnbó kan. Nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí.

Kápẹ́ńtà ni bàbá tó bí bàbá mi. Ó kọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì níṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tó kú, ẹ̀gbọ́n gba iwájú ilé, níbi tó kọjú sí títì, tí àwọn oníbàárà ti ń yà wọlé. Àbúrò kó irinṣẹ́ tirẹ̀ lọ sí abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri ilé kejì ti fara ti tiwa pẹ́kípẹ́kí. Kò sẹ́ni tó jókòó pín in bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù kàn gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì gbé e kúrò mọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó le, láti ìgbà náà ni kálukú ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbàlagbà méjì ò lè máa lo ẹnu ọ̀nà kan, ilé ìwẹ̀ kan àti ẹ̀rọ omi kan kí wọ́n má ní nǹkan tí wọ́n máa bára wọn sọ. Èmi ni wọ́n ń rán. Bàbá mi á gbé ayùn sílẹ̀, á pè mí, á ní, "Lọ sọ fún ọkùnrin yẹn kó kó pákó ẹ̀ kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣé ó fẹ́ sé mi mọ́ ẹ̀yìn ni?" Òótọ́ ló sọ. Gbogbo pákó tí Bàbá Iwájú bá rà, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń tò ó sí, láti ilẹ̀ títí dé àjà, kí òjò má baà pa á. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan sì ni ìmọ́lẹ̀ lè gbà dé ẹ̀yìn.

Èmi á sáré lọ síwájú, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní pákó yín mà pọ̀ o, Ọlọ́hun á bá yín tà á."

Bàbá Iwájú á kọ́kọ́ wò mí. "Ó ní kó o kí mi? Nígbà tí kò lẹ́sẹ̀ tó máa gbé e wá fúnra ẹ̀? Sọ fún un pé mo ti gbọ́. Aláìmoore."

Màá padà sẹ́yìn, màá kúnlẹ̀ fún bàbá mi. "Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, sà. Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Bàbá mi á dúró, á dúró, pákó ò ní kúrò. "Ẹ rí i bí? Ó gbọ́, kò kúkú ṣe é."

Ẹ má rò pé mò ń purọ́ fún àwọn àgbà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìyá mi, tó ń rán aṣọ tìmùtìmù fún àga tí bàbá mi bá kàn, máa ń dá maṣíìnì dúró tó bá ti gbọ́ tí wọ́n ń rán mi. Á yọjú sí mi lójú fèrèsé, á ní, "Má sọ ọ́ báyẹn o. Tún un ṣe kó o tó débẹ̀." Nílé wa, ọmọ tó bá jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́, ọmọ tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni. Ọmọ tó bá tún un ṣe ni wọ́n ń yìn. Wọ́n yìn mí gan-an. Àwọn obìnrin àdúgbò á máa sọ fún àwọn ọmọ tiwọn pé, "Ẹ wo ọmọ kápẹ́ńtà ẹ̀yìn, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin." Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí mo fi jáde ilé ìwé girama, títí mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yábàá.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ìwé yòówù kí o wá kà, o gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún àkọ́kọ́. Bí o bá fìdí rẹmi, o máa tún un ṣe. Bí o bá tún fìdí rẹmi, o máa kó ẹrù ẹ lọ sílé. Ẹ̀rù ò bà mí níbẹ̀rẹ̀. Mo ti há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí láti inú ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn kí ó gùn. Mo kọ ìwé mi, mo gbé e sílẹ̀, mo ń retí kí wọ́n yìn mí bí wọ́n ṣe ń yìn mí nílé.

Mo fìdí rẹmi.

Obìnrin kúkúrú kan ló ń kọ́ wa, tó ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. Ìbéèrè kan ló máa ń kọ sí etí ìwé wa: ta ló sọ èyí? Bí o bá kọ pé àwọn ará ìlú ń kérora, á kọ ọ́ síbẹ̀. Bí o bá kọ pé inú gbogbo èèyàn dùn, á tún kọ ọ́. Ìwé tèmi pupa pẹ̀lú ìbéèrè yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tí mo lè dáhùn, torí kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nínú ẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo wọn.

Mo tún wọ kíláàsì náà pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bàbá mi ò pariwo. Ó kàn tọ́ka sí yàrá ìyá mi. "Maṣíìnì kejì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Tí ìwé yẹn bá tún kọ̀, wá jókòó tì í. Tìmùtìmù ò ní bi ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì." Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Mo rí ara mi níwájú maṣíìnì yẹn, tí mò ń rán aṣọ àga títí ayé, tí mò ń jẹ́ iṣẹ́ láàrin iwájú àti ẹ̀yìn títí wọ́n á fi kú.

Iṣẹ́ ìkẹyìn tí olùkọ́ wa fún wa lọ́dún náà ló máa sọ ẹni tó máa dúró àti ẹni tó máa lọ. Ó ní kí kálukú lọ wá ìjà kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, kí ó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ó fi òfin méjì lé e. Àkọ́kọ́, kí o tó gbé e wá, o gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ kálukú fún un létí, kí ó sì gbà pé òun lòun sọ ọ́. Èkejì, o ò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ fún ẹnì kejì. Ó ní, "Nínú iṣẹ́ yìí, oníròyìn lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe alárinà."

Ìjà wo ni mo mọ̀ ju ti ilé wa lọ? Mo kọ ọ́ kíá. Mo gbé e lọ fún un ní ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó bá mi wò ó kí ọjọ́ tó pé. Yàrá tóóró ni, fáànù òkè ń ké bí ẹni tí wọ́n ń na. Ó kà á tán, ó yọ gíláàsì rẹ̀.

"Àwọn bàbá méjì yìí, kí ni wọ́n ń jà sí?"

"Iwájú ilé ni, mà."

"Mi ò rí ìjà níbí o. Ọ̀kan ní kí Ọlọ́run bá èkejì ta ọjà. Èkejì ní àmín, ó dúpẹ́. Àdúrà lo kọ wá fún mi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé bí bàbá ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Rárá, mà."

"Báwo ló ṣe ń sọ ọ́?"

Mo wo ilẹ̀. "Kò ṣeé sọ, mà. Àgbà ni wọ́n."

"Mo mọ̀ pé àgbà ni. Ìyẹn ló ṣe yẹ kó o jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀."

Ó fún mi ní bíírò pupa tirẹ̀. Ó ní kí n wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, èyí tí mi ò bá lè tọ́ka sí ẹnu tó ti jáde, kí n fagi lé e. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fagi lé e títí. Nígbà tí mo ṣe tán, orúkọ àdúgbò wa àti ibi tí mo ti sọ pé kápẹ́ńtà ni wọ́n nìkan ló kù. Ó wò ó, ó ní, "Ó dáa. Ó ti ń dà bí òótọ́. Kọ ọ̀rọ̀ wọn ní Yorùbá ná, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kó o rọra gbé e bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, má sì fi aṣọ wọ̀ ọ́."

Mo ti Yábàá padà sílé pẹ̀lú orí tó wúwo. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ lè máa rò pé kékeré ni ohun tó ní kí n ṣe. Ẹ gbìyànjú kí ẹ jókòó níwájú bàbá yín, kí ẹ ní kó bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo bá bàbá mi lẹ́yìn, níbi tó ti ń fi ìka àtàńpàkò wá ilà tó fà sórí igi. Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni, mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iwájú ilé yẹn lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe wà nínú rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ti ń retí kí ẹnì kan bi òun láti ọjọ́ pípẹ́. "Ó gba iwájú. Ó gba oníbàárà bàbá wa. Ó wá fi pákó dí mi pa mọ́bí. Bí mo bá kú síbí, kò ní mọ̀. Á tún gbé pákó tuntun lé mi lórí ni." Mo ń kọ ọ́.

Mo lọ bá Bàbá Iwájú. Òun náà ò pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo kọ́ bàbá ẹ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Èmi! Ọjọ́ tí mo gbé tábìlì síwájú, ó ní mo ti ń yọ̀ pé bàbá wa kú. Ṣé ọ̀rọ̀ téèyàn ń sọ fún ẹ̀gbọ́n nìyẹn? Ta ló lé e lọ sẹ́yìn? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbé e lọ. Tí ẹ̀yìn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣé kò lẹ́nu ni? Ojoojúmọ́ ni ìwọ ń wá sọ fún mi pé ó kí mi, pé ó ń ṣàdúrà fún mi." Bíírò mi dúró. Ó ní, "Kọ ọ́ jàre. Ṣé o ní kí n sọ̀rọ̀ ni?" Mo kọ ọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Iwájú fún un. Ó mi orí, ó ní òun lòun sọ ọ́. Mo wá lọ sẹ́yìn láti ka ti bàbá mi. Ó gbọ́ ọ dé ìparí.

"Ṣé èmi ni mo sọ pé á gbé pákó lé mi lórí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó le o." Ó fọwọ́ nu ojú. "Yọ ọ́."

Mo mọ̀ pé tó bá ti yọ ìyẹn, á yọ èyí tó tẹ̀ lé e, á wá ku àdúrà nìkan. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tí mo bá yọ ọ́, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ gbé lọ lọ́la. Wọ́n á lé mi."

"Òun ńkọ́? Kí lòun sọ nípa mi?"

"Mi ò lè sọ fún yín, sà."

"Kí lo wí?"

"Olùkọ́ wa ní a ò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan fún ẹnì kejì."

"Ìwọ! Ìwọ tí iṣẹ́ ẹ ò ju ìyẹn lọ láti kékeré!"

"Ẹ lọ bi wọ́n, sà."

Maṣíìnì ìyá mi dákẹ́. Bàbá mi dìde. Ó gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síwájú, tó ń fi ọwọ́ tọ pákó lọ bí ó ti ń rìn. Èmi àti ìyá mi tẹ̀ lé e, ìyá mi ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Kí lo dá sílẹ̀ yìí? Kí lo dá sílẹ̀?"

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n."

Bàbá Iwájú ń fági lọ́wọ́. Ìfági náà dúró lórí igi. N ò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi pè é bẹ́ẹ̀, bóyá òun náà ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Bàbá mi bi í léèrè ohun tó sọ fún ọmọ, òun náà ní kí ló dé tí òun ò ní sọ ọ́, ariwo bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé òkú bàbá wọn dìde, wọ́n tún un sin. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ jáde. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ju táyà sílẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ wá o! Àwọn kápẹ́ńtà ń bára wọn sọ̀rọ̀!" Àwọn èèyàn pé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ là wọ́n. Ìran ni wọ́n wá wò.

Bàbá mi ní, "Pákó ńkọ́? Mo ní kí ẹ kó pákó, ẹ ò kó o!"

"Ọjọ́ wo lo sọ pé kí n kó pákó?"

"Ojoojúmọ́! Ojoojúmọ́ ni mò ń rán ọmọ yìí sí yín!"

"Ọmọ yìí? Ọmọ yìí tó ń wá sọ fún mi pé o ní Ọlọ́hun á bá mi tà á?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Gbogbo èrò yíjú sí mi. Ọkùnrin táyà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ibi fojú sí, mo kàn di ìwé mi mú.

Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, bàbá mi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ̀yìn yẹn ṣókùnkùn, ẹ̀gbọ́n. N kì í rí ilà tí mo fà sórí igi mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Bàbá Iwájú gbé ìfági sílẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó pákó jáde. Wọ́n kó o sí iwájú, wọ́n kó o sí etí títì, àwọn tó wá wòran náà bá wọn gbé e. Oòrùn wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí àwọ̀ ògiri ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Oòrùn dé orí tábìlì bàbá mi lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé a rí eruku igi tó ń fò. Bàbá mi gbé igi tó ń gé sókè, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ó bèèrè pé, "Ṣé wọ́n ti kó o tán?"

Wọ́n ti kó o tán. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti kó o tán. Bàbá Iwájú ló kọ́kọ́ yé. Ó rọra gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó sì dì í lọ́wọ́ mú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, bàbá mi pè mí. "Ìwé yẹn, má yọ nǹkan kan. Jẹ́ kó wà bí mo ṣe sọ ọ́. Kọ ti òní náà kún un." Bàbá Iwájú náà ní kí n kọ ọ́ pé òun ò mọ̀. Mo kọ ọ́ lórí tábìlì iṣẹ́, nínú ìmọ́lẹ̀ tó kù. Ní ìparí, mo fi tèmi kún un: mo kọ ọ́ pé ìfẹ́ ti padà sáàrin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ayọ̀ sì kún ilé.

Olùkọ́ wa kà á níwájú mi. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ wọn." Nígbà náà ló dé ìparí, ó fi ìka lé e. "Eléyìí ńkọ́? Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

Ó fagi lé e. Ó fún mi ní máàkì tó gbé mi kọjá, kò fi ẹyọ kan lé e. Mo dúró ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Òun ló jàre ní ti ayọ̀ tó fagi lé. Bàbá Iwájú mú bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, wọ́n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, àwọn dókítà yẹ ojú náà wò. Wọ́n ní èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́, àwọn á gbìyànjú kí èyí tó kù má baà lọ. Bàbá mi gbé àga rẹ̀ wá síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń dán igi, ó ń fi ìka wá ibi tó ṣì rí pálapàla. Bí mo bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, màá bá wọn tí wọ́n ń jà. Wọ́n ń jà lórí rédíò, wọ́n ń jà lórí bí wọ́n ṣe ń po gúlúù, wọ́n ń jà lórí ẹni tí bàbá wọn fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ mọ́. Ní ìgbà kan mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí pákó níbẹ̀ mọ́, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe lẹ́yìn náà. Mo rìn ní Mùṣin, ní Sùúrùlérè, ní Òtò, mo jókòó ti àwọn tí wọ́n wó ilé wọn àti àwọn tí ọmọ wọn jáde tí kò wálé. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. N ò ní tàn yín: lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí pákó tó kúrò. Àwọn tó yẹ kí wọ́n kà á kà á, wọ́n ká a, wọ́n fi nu ọwọ́. Obìnrin tí mo kọ nípa rẹ̀ á tún rí mi lọ́dún kejì, á ní, "Oníròyìn, ṣé ẹ ò gbé e jáde ni?" Mo ti gbé e jáde. Ìyẹn ló ń rẹ èèyàn, kì í ṣe ìrìn.

Àwọn bàbá méjèèjì ti lọ. Ilé wa ti lọ, àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ tà á, ilé onígíláàsì ló wà níbẹ̀ báyìí tí wọ́n ti ń ta fóònù. Àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì wọn dáa ju tèmi lọ fíìfíì. Wọ́n yá yàrá ní Yábàá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí itan, ìròyìn á ti jáde kí tíì wọn tó tutù. Nígbà tiwa, a máa ń lọ sílé onílé, a ń jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fún wa lómi mu ká tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Báyìí, wọ́n ń béèrè lórí fóònù, èsì ń wá lórí fóònù.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan nínú wọn gbé ìròyìn wá fún mi kí n bá a wò ó. Ìjà ará ilé ni, ní Sùúrùlérè, lórí jẹnẹrétọ̀ tí ẹnì kan gbé sábẹ́ fèrèsé ẹlòmíì. Gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ìwé tí báńkì fi ń kí oníbàárà. Mo bi í pé ta ló sọ ọ́ báyìí.

"Àwọn ni, Mọ́mì. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Mo wá ní kí fóònù bá mi tún un ṣe, torí ó rí jágajàga."

"Jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó rí jágajàga yẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin àgbà kan jáde, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Ọmọ mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Èéfín yẹn ń wọlé tọ̀ mí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ dí fèrèsé, ó tún ń wọlé. Èmi nìkan ni mo wà níbí. Tí mo bá sùn tí mi ò jí, ta ló máa mọ̀?" Àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà dáwọ́ dúró. Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí. Bóyá kò gbọ́ ọ rí lóòótọ́, bóyá ó kàn fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti máa tún un ṣe ni.

Mo bi í bóyá ilé náà jìnnà. Ó ní rárá, kẹ̀kẹ́ kan ló máa gbé òun débẹ̀. Mo fẹ́ dìde kí n bá a lọ, orúnkún mi kọ̀. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan lójú mi.

"Mọ́mì, kí ni kí n sọ fún wọn tí mo bá débẹ̀?"

"Má sọ nǹkan kan," ni mo wí. "Kí wọn, kó o sì jókòó."